Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Yẹ Ara Olùtọ́jú Aláìsàn Wò Kí A Tó Gbà Á Síṣẹ́?

Ní ìwọ̀nba ọjọ́ sẹ́yìn, ènìyàn méjì tọ̀ wá wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀ràn kan náà ni àwọn méjèèjì gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ara wọn lórí rẹ̀.

Ẹni èkíní jẹ́ olùkọ́ kan ní Ìkòsì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì lọ béèrè iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí ó kọ́, wọ́n fi ife kékeré kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ tọ̀ sínú rẹ̀. Obìnrin kan sì tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró tì í títí ó fi ṣe tán. Ọmọ náà sunkún délé. Baba rẹ̀ wí fún wa pé, "Àlùfáà, ẹ bá mi rò ó. Kí ni ọmọ mi jí? Ta ni ó fi ẹ̀sùn kàn án? Ẹni tí a bá fura sí pé ó jalè ni mo mọ̀ pé a máa ń tú àpò rẹ̀ wò."

Ẹnì kejì jẹ́ ìyá kan tí ó ń ta ata ní ọjà Máìlì 12. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá tí ó bí i lọ́mọ, òun sì ni ó ń sùn ti arúgbó náà ní ilé ìwòsàn. Ní òru ọjọ́ kan, olùtọ́jú tí ó yẹ kí ó gún ìyá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ìrora dé ẹ̀bá ibùsùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lórí ilẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń lá àlá. Ìyá aláta dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì pariwo títí ẹlòmíràn fi dé. Ó wí fún wa pé, "Bí ó bá ṣe tèmi ni, Bàbá, àárọ̀ àti alẹ́ ni wọn ìbá máa yẹ̀ wọ́n wò."

Àwa kò lè dá ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a yẹ ìtọ̀ ẹni tí kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni wò, láti mọ̀ bóyá ó ń lo oògùn olóró, kí a tó fún un ní iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn? Bí ó bá sì tọ́, ǹjẹ́ ó tó? A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá wa rìn nínú rẹ̀, nítorí bí a bá dé òpin, a ó rí i pé ọ̀ràn náà kan ẹ̀yin olùkọ́ àti àwa fúnra wa ju bí a ti rò lọ.

Kò sí ẹni tí ń gbé ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ tí ó di dandan kí a fi ìwé hàn kí ó tó mọ̀ pé oògùn olóró wà láàárín wa. Ẹni tí ó bá gba ibùdókọ̀ Kétu kọjá ní ìdájí yóò rí àwọn tí ń ta páràgà, yóò sì gbọ́ òórùn igbó kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Nínú àwọn tí ń ru ẹrù tòmátò àti ata ní Máìlì 12, kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé tramadol mì kí wọn má bàa mọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe ní ọdún 2018, wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa, nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Èyí jẹ́ bí ènìyàn kan nínú méje. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó tiwa, ó jẹ́ ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ìpínlẹ̀ tí ó ju ti Èkó lọ. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe àti kíkó wọlé oògùn ikọ́ olómi tí kodíìnì wà nínú rẹ̀.

Àjọ NDLEA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989 láti gbógun ti oògùn olóró, ti ń ké sí gbogbo ènìyàn lórí ọ̀ràn yìí. Láti ìgbà tí Ọ̀gágun Buba Marwa, ẹni tí ó ti ṣe gómìnà Èkó rí ní ayé ìjọba ológun, ti di alága rẹ̀ ní ọdún 2021, ó ti ń rọ̀ wá léraléra pé kí a máa ṣe àyẹ̀wò fún àwọn tí ń wá iṣẹ́, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó pàápàá.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó yà nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ́tọ̀ kúrò lára akọ̀wé tàbí awakọ̀? Ohun méjì ni. Èkíní ni pé kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ní láti wá oògùn líle lọ sí kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n morphine, pethidine, pentazocine àti fentanyl ni iṣẹ́ ń gbé ka iwájú olùtọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rékọjá òkun lọ wá owó tí ó tó ná, iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta sì di ti ẹnì kan ní òru. Ẹni tí ó rẹ̀, tí ara ń ro, tí oògùn ìrora sì wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, ìdánwò ńlá ni ó wà nínú rẹ̀. Èkejì ni pé aláìsàn kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ń tòògbé, èrò lè kígbe kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kùn lóorun fún iṣẹ́ abẹ kò lè kígbe. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ní ọmọ bí ìyá aláta wa tí yóò di ọwọ́ mú.

Kí a má bàa rò pé àlá lásán ni ewu náà, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí ilé ẹjọ́ ti parí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Kwiatkowski. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Yàrá tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ó ní àìsàn ọkàn ni ó ti ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis C wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, fentanyl sì ti di ọ̀gá lé e lórí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé yóò jí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fa oògùn náà sí fún aláìsàn, yóò gún un sí ara rẹ̀, yóò fi omi iyọ̀ kún un, yóò sì dá a padà sí ibi tí ó ti mú un. Báyìí ni aláìsàn ń gba omi dípò oògùn, tí ó sì ń gba àrùn lé e lórí. Ó kéré tán, ènìyàn 45 ni ó kó àrùn náà láti ara rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ni àṣírí rẹ̀ ti tú ní ọdún 2012, ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni adájọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 39.

Bí ìyá aláta bá gbọ́ ìtàn yìí, yóò ní, "Ẹ ò rí i! Àyẹ̀wò ni!" Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn náà dé ìdí. Kí ilé ìwòsàn tí ó wà ní New Hampshire tó gbà á, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tí ó ju mẹ́wàá lọ, láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ní ọdún 2008, wọ́n bá abẹ́rẹ́ fentanyl lára rẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kí ó máa lọ, wọn kò sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n bá a níbi tí ó dákú sí nínú ilé ìyàgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, abẹ́rẹ́ fentanyl sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀; iṣẹ́ tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn mìíràn tún gbà á. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n pọ̀. Olúkúlùkù wọn lé ìkookò náà kúrò nínú agbo tirẹ̀, inú agbo ẹlòmíràn ni wọ́n sì lé e sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí àyẹ̀wò náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ìtọ̀ ni a ń yẹ̀ wò jù, nípa bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò fi àmì hàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Bébà yìí kò mọ ìwà. Ohun tí ó wọ inú ara láìpẹ́ ni ó mọ̀. Kokéènì kì í sábà ju ọjọ́ méjì sí mẹ́rin lọ nínú ìtọ̀. Igbó lè hàn fún bí oṣù kan lára ẹni tí ń mu ún lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lára ẹni tí ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, bí ọjọ́ mẹ́ta ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lo oògùn, ṣùgbọ́n tí ó mọ ọjọ́ tí a ó yẹ̀ ẹ́ wò, lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì yege. Ọ̀dọ́mọdé tí ó ṣe aṣiṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kan náà lè kùnà.

Ó tún ku èyí: bébà tí a ń lò jù fún àwọn oògùn ìdílé morphine kì í rí tramadol, kì í sì í rí fentanyl, àfi bí a bá dìídì ra èyí tí a ṣe fún wọn. Tramadol yìí sì ni ó gba ìgboro wa kan. Ní ìdà kejì, ẹni tí dókítà fún ní oògùn kodíìnì nítorí ìrora lè jáde bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń wí pé bébà àkọ́kọ́ kì í ṣe ìdájọ́. Bí ó bá fi àmì hàn, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tí ó péye jù ú lọ yẹ ìtọ̀ kan náà wò lẹ́ẹ̀kejì, kí a sì bi ẹni náà léèrè oògùn tí ó ń lò, kí a tó sọ pé ó jẹ̀bi.

Àwọn ìyá wa ní Máìlì 12 ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bí apẹ̀rẹ̀ tòmátò bá sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Òkè Ọya, ẹni tí ó gbọ́n kì í fi ti ojú apẹ̀rẹ̀ ra ọjà. Èyí tí ó dán, tí ó le, ni olówò máa ń tò sókè. Ẹni tí ó mọ ọjà yóò ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, yóò wo omi tí ń jò ní ìdí apẹ̀rẹ̀, yóò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti bá olówò náà rà rí. Kò wí pé kí a má wo ojú apẹ̀rẹ̀. A ó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ojú apẹ̀rẹ̀ nìkan, ọbẹ̀ rẹ̀ yóò kan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti olùkọ́ wa. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ìlú Èkó yìí ti rí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò láìka òṣìṣẹ́ sí ènìyàn. Ní ọdún 1995, obìnrin kan tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó ń ṣàìsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n rí kòkòrò HIV, wọ́n sì lé e kúrò níṣẹ́. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ní ọdún 2001, adájọ́ kan kọ̀ fún un láti wọ inú kóòtù láti sọ tẹnu rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò kó àrùn ran àwọn tí ó wà níbẹ̀. Kò jáwọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n lé e, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Èkó dá a láre, ó ní yíyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kò bá òfin mu, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ní ọdún 2014 ni òfin àpapọ̀ wá ka á léèwọ̀ pé kí agbanisíṣẹ́ máa béèrè àyẹ̀wò HIV kí ó tó gba ènìyàn síṣẹ́.

Àwa kò wí pé kòkòrò HIV àti oògùn olóró jẹ́ ọ̀kan náà. HIV kì í mú kí ọwọ́ nọ́ọ̀sì gbọ̀n, kì í sì í mú kí dókítà tòògbé lórí iṣẹ́ abẹ. Oògùn olóró ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a kò lè gbè lẹ́yìn lórí ti èkíní, ó ṣeé gbè lẹ́yìn lórí ti èkejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí ó kan àwọn méjèèjì: ohun tí ó ti inú ara ènìyàn jáde kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀tàn gbà, èsì rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ kiri. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ nípa ìlera ènìyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ pa mọ́ ju ti ìyókù lọ.

Sí olùkọ́ wa, a fẹ́ wí èyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọn yóò ní kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọn kò fi ìyẹn pè é ní ọ̀bùn. Nítorí aláìsàn ni, gbogbo ẹni tí ń wọlé ni ó sì ń fọ̀ ọ́. Bí àyẹ̀wò oògùn bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni a ń fi ife lé lọ́wọ́, tí dókítà àgbà tí ó ni ilé ìwòsàn kò fọwọ́ kan ife rí láti ogún ọdún, a jẹ́ pé olùkọ́ náà jàre: ìyẹn kì í ṣe ìfọwọ́, ìrẹnisílẹ̀ ni.

Kí ni ti ẹni tí àyẹ̀wò bá mú? Àwọn kan yóò wí pé kí a lé e dànù, kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo William Halsted. Oníṣẹ́ abẹ ni, ọkàn nínú àwọn mẹ́rin tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn Johns Hopkins lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òun ni ó mú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ibẹ̀. Ní ọdún 1884, nígbà tí kokéènì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ oró rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò bóyá ó lè pa ìrora. Kokéènì dè é. Morphine tí wọ́n fi wò ó sàn sì dè é ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Welch, ni ó mú un wá sí Baltimore, tí ó fún un ní ilé àti iṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1922. Ní ọdún 1969 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú àkọsílẹ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn, William Osler, kọ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé ó ṣì ń lo morphine nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ rere wọ̀nyí.

Àwa kò mú ìtàn yìí wá kí a lè gbóríyìn fún ìfipamọ́. Àwọn tí ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ Halsted ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn. A mú un wá kí a lè rí i pé ẹni tí oògùn mú kì í ṣe pàǹtí, àti pé ọ̀rẹ́ tí ó fa ni mọ́ra láìsí ìṣọ́ kò ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Ọ̀nà tí ó dára jù wà. Ní ọdún 2008, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Britain gbé ìwádìí kan jáde nípa dókítà 904 ní Amẹ́ríkà tí oògùn tàbí ọtí ti mú. Wọ́n gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ṣọ́ wọn fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò láìsọ ọjọ́ fún wọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n lè tọpa wọn ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣẹ wọn. Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà, bí kò ṣe lemọ́lemọ́ nínú ilé. Kì í sì í ṣe kí a lè rí ẹni lé, bí kò ṣe kí a lè rí ẹni gbà là. Àwọn baba wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òsì nìkan ni ó wà, olùtọ́jú tí ó rí i pé ọwọ́ ẹgbẹ́ òun ń gbọ̀n yóò pa ẹnu mọ́, nítorí pé kò fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀. Aláìsàn ni yóò sì san gbèsè ìdákẹ́jẹ́ náà.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Kí a tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, bóyá ní ilé ìwòsàn ńlá ti Gbàgádà ni o, bóyá ní èyí tí ó kéré jù ní àdúgbò wa, wọn yóò ní kí ó mú onídùúró wá: ẹni méjì tí ó mọ̀ ọ́n, tí wọn yóò kọ ìwé pé ìwà rẹ̀ dára. Ta ni wọ́n máa ń mú wá? Olùkọ́ àti òjíṣẹ́ ìjọ. Ìtọ̀ ń sọ ti ọ̀sẹ̀ kan. Àwa ni ó yẹ kí a sọ ti ọdún mẹ́wàá. Àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀ jù lọ, ọwọ́ tí ó dé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, àwa ni. Báwo ni a sì ti ń ṣe é?

A ó sọ ti ara wa, bí ó tilẹ̀ ń tì wá lójú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ tí a fi sí ìtọ́jú wa mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá. Ó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá oògùn ilé ìwòsàn kan. A ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé tramadol ni ó fi ń dìde láàárọ̀. Àwa fúnra wa ti rí i lẹ́ẹ̀mejì tí ó ń tòògbé ní ìdúró, tí ó ń họ ara, tí kò mọ ohun tí a ń bá a sọ. Ṣùgbọ́n opó ni ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú wa, ó ní iṣẹ́ yìí nìkan ni ó kù tí yóò mú ọmọ òun bọ̀ sípò. A kọ ọ́ pé ọmọ jẹ́ẹ́ ni, olóòótọ́ ni, a sì fọwọ́ sí i. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi ká oògùn mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì lé e. Àwọn tí ó gbà á kò wá bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Bóyá aláìsàn kan wà tí ó fi òru ọjọ́ kan ké ìrora nítorí ìwé wa, a kò mọ̀ ọ́n, a kò sì ní mọ̀ ọ́n láé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá sọ́dọ̀ wa. A rò pé ó wá dúpẹ́ tàbí pé ó wá tọrọ owó. Ó jókòó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ kò sì bá mi sọ ọ́." A kò rí èsì fún un. A ti ro ara wa sí aláàánú nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni a ṣàánú fún, àti ara wa, tí a kò fẹ́ rí omijé rẹ̀. Aláìsàn kò sí níbẹ̀ láti kúnlẹ̀, nítorí náà a gbàgbé rẹ̀. Ọmọ náà gan-an, a kò fẹ́ràn rẹ̀ tó láti sọ òtítọ́ fún un nígbà tí òtítọ́ ì bá ràn án lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; àwa wà lọ́jà.

Nígbà náà ni ó yé wa pé a kò sàn ju àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn lọ. Àwọn dákẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ. Àwa kọ̀wé, a sì fi ọwọ́ wa ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ìdájọ́ tiwa nìyí. Ó tọ́ kí a máa yẹ àwọn tí yóò tọ́jú aláìsàn wò, nítorí ẹni tí ó fi ara rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ nígbà tí kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ fún gbogbo wọn, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀ yàrá oògùn. Kí a sọ fún ẹni náà ohun tí a fẹ́ ṣe, kí a sì bò ó ní àṣírí nígbà tí a bá ń ṣe é. Kí a má fi bébà kan ṣoṣo dájọ́. Kí a máa tún un ṣe lẹ́nu iṣẹ́ láìsọ ọjọ́. Kí ẹni tí a bá rí rí ọ̀nà gba ìtọ́jú, kí ó sì kúrò nídìí aláìsàn àti kọ́kọ́rọ́ oògùn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ẹni tí ó bá sì ti jí oògùn aláìsàn, kí a má ṣe dá a sílẹ̀ kí ó lọ sí ibòmíràn láìjẹ́ kí ibòmíràn mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe gbogbo èyí, tí àwa onídùúró kò bá sì sọ òtítọ́, ojú apẹ̀rẹ̀ ni a ṣì ń wò. Nítorí náà a bẹ ẹ̀yin olùkọ́, a sì ń bẹ ara wa pẹ̀lú: bí ọmọ tí ẹ mọ̀ bá mú ìwé wá, tí ọkàn yín kò sì balẹ̀ nípa rẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i, ẹ má sì ṣe lé e lọ. Ẹ mú un jókòó. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un, kí ẹ sì bá a wá ibi tí wọn yóò ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi yé e pé ẹ ó kọ ìwé náà tayọ̀tayọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá lè kọ ọ́ láìpurọ́.

A ti sọ fún olùkọ́ ní Ìkòsì pé kí ọmọ rẹ̀ padà lọ, kí ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá ife náà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ìyá aláta kò béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó béèrè ni ta ni ó ṣe onídùúró fún ẹni tí ó fẹ́ gún ìyá òun ní abẹ́rẹ́ lóru ọjọ́ náà. A kò lè dá a lóhùn. A lọ sílé, a sì wá àwọn ìwé tí a ti fọwọ́ sí láti ọdún wọ̀nyí jáde, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.